Ìdí Tí Egbò Fi Ń Jinná Tí Ìrora Kì Í Lọ

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ọjọ́ tí egbò bá jinná náà ni ìrora ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ wínníwínní kan ń gbé inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbogbo ẹranko. Ojú kò lè rí wọn. Bí nǹkan bá ṣe ẹsẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ fún orí. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu ń ṣa ìyeyè jẹ lábẹ́ igi, ni tàkúté ọdẹ bá mú un lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ó rò pé ẹ̀gún lásán ni, ó ń jẹun lọ. Ìgbà tó fi máa wolẹ̀, irin ti kan egungun. Agbára káká ló fi já ara rẹ̀ gbà.

Inú bí i gidigidi. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ nìyẹn? Díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ mi gé."

Àgbà àwọn òṣìṣẹ́ náà fèsì pé, "Ẹ má bínú, ìyá. Bí a ṣe bá iṣẹ́ náà nìyẹn."

"Láti òní lọ, ẹ máa pariwo. Ẹ búra fún mi pé ẹ ò ní dákẹ́."

"Títí di ìgbà wo, ìyá?"

"Mi ò ní kí ẹ bi mí léèrè. Ẹ ṣáà búra."

Wọ́n búra, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lára àwọn ẹranko yòókù sì bá wọn búra.

Ariwo náà le débi pé Ẹtu kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sí ìdí igi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Egbò náà san, irun tuntun hù bò ó. Inú ọmọ rẹ̀ obìnrin dùn. Ó wá gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹtu ké, ó sì ta ọmọ náà nípàá.

Ọmọ ṣubú sẹ́yìn. Kò sunkún, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀. Ẹtu wo ẹsẹ̀ rẹ̀: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò wú. Ni ewé kan bá já bọ́ lé e, ó sì dà bíi pé irin tún dì í mú.

"Egbò ti jinná," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"A ti búra, ìyá," ni àgbà wọn wí. "A ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìbúra."

Ẹtu bẹ̀ wọ́n títí. Ó rẹ àwọn kan, wọ́n sùn. Àwọn yòókù kò dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni egbò fi ń jinná lára ẹlòmíràn tí ìrora kò ní lọ, tí ojú kò sì ní rí ohunkóhun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni Ẹtu ti ń dá jẹ̀ nínú igbó, tí ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó láti òkèèrè.