Olúgbódi àti Ataare Ọmọ Tuntun

Ogún ọjọ́ pé, ibà kò sì fi Olúgbódi ahunṣọ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi.

Ikọ́ líle kan ló wọ ìlú Òkè-Ọsàn lọ́dún náà. Òfin ìlú ni pé kí ẹni tó bá mú lọ gbé nínú ahéré lẹ́yìn odi fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn náà, yóò wẹ̀ lódò, yóò fárí, yóò sì padà wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ara wọn sì yá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá Olúgbódi àti Ẹfúnyẹlá àbúrò rẹ̀ jà. Nígbà tí ikọ́ náà mú wọn, wọ́n lo ọjọ́ wọn pé, wọ́n wẹ̀, wọ́n fárí, síbẹ̀ ikọ́ ń mì wọ́n láyà, ara wọn sì ń gbóná ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ọmọ Olúgbódi ti bí ọmọkùnrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn méjèèjì tọ Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ lọ, àgbà obìnrin tó ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò. Ó ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn ọgbà, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ohun tó rí kò dára. Ó ní ikú wà nítòsí, àmọ́ kì í ṣe àwọn méjèèjì ló ń wò. Ó ní kí wọ́n fi ẹyẹlé méjì-méjì rúbọ, kí wọ́n sì padà sí ahéré.

“Ẹ má ka ọjọ́ mọ́,” ó wí. “Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún wà fún ara tó le. Àìsàn ti wà lára tiyín tẹ́lẹ̀, kò sí agbára tí yóò lé ikọ́ yìí jáde kíákíá. Ìgbà tí ẹ bá lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìwúkọ́, láìgbóná, ni kí ẹ wọlé. Olúgbódi, jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ataare fún ọmọ náà.”

Àṣà wọn ni pé bàbá àgbà ló ń jẹ ataare, tí yóò mú díẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ sí ẹnu ọmọ tuntun.

Olúgbódi rẹ́rìn-ín. “Ìyá, mo ti wẹ̀, mo ti fárí, gbogbo ìlú rí mi. Ẹnu ta ni kí n wá yá?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ẹfúnyẹlá wí, “ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ wúkọ́ kí ẹ tó sọ ìyẹn tán.”

“Padà sọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́ ẹ̀yìn odi. Bí wọ́n bá bímọ, kí o sọ wọ́n lórúkọ.”

Ẹfúnyẹlá rúbọ, ó sì padà sí ahéré. Kò rọrùn. Orí òkúta ni ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí, àwọn oníbàárà tó ń kó aṣọ wá fún un láti pa láró sì lọ bá ẹlòmíràn. Oṣù kejì ń parí lọ kí ikọ́ tó dá. Ó tún dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Olúgbódi kò rúbọ; lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó jẹ ataare. Ó yíjú, ó wúkọ́ sínú aṣọ rẹ̀, ó sì fi ataare náà sí ọmọ lẹ́nu. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí ibà mú ọmọ. Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, wọ́n sin ín.

Ìyá ọmọ kò bá Olúgbódi jà. Ó kàn dẹ́kun gbígbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ẹfúnyẹlá wọlé pẹ̀lú àlàáfíà. Ó padà sídìí aró rẹ̀, ó rí ọmọ-ọmọ mẹ́fà, ó sì gbé wọn mọ́ra. Olúgbódi náà pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nílé rẹ̀, ìta ló ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tó ń pè é wọlé. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u jèrè rẹ̀. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín kò rí ẹ̀rín rín mọ́.