Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Ka Orúkọ Láti Àárọ̀ Dalẹ́

Bọ́sẹ̀dé, gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì yẹn! Mo ní kí o gbé e kúrò. Kọ̀ǹpútà bi ọ́ ní ìbéèrè, o ò tíì kà á, o ti fẹ́ dáhùn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwé yìí, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó dáa. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ ẹ̀gà di aláriwo fún yín. Bóyá ẹ ó gbọ́ ti ẹyẹ, nígbà tí ẹ ò gbọ́ tèmi.

Nígbà láéláé, ẹ̀gà kì í pariwo. Ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni. Inú ìtẹ́ ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀gà jọ ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹranko inú igbó jọ ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo. Línúùsì lorúkọ ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Abẹ́ igi àràbà ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì to àga yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á wá jókòó, á ṣe tirẹ̀, á sì máa lọ.

Òkété ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ló kó gbogbo ètò kọ̀ǹpútà sí: ètò orin, ètò àwòrán, ètò ìṣirò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ètò kan, kọ̀ǹpútà á fà á jáde láti inú yàrá yẹn.

Ṣùgbọ́n ètò kì í dá rìn. Ètò àwòrán ò lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò àwọ̀, ètò àwọ̀ náà ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò ìṣirò. Bí o bá pe ẹyọ kan, mẹ́wàá ló máa tẹ̀ lé e wá bí ẹbí ìyàwó. Nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń to orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ gbé wọlé, á sì to orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ gbé jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè pé, "Ṣé kí n ṣe é? Tẹ B fún bẹ́ẹ̀ ni, tẹ R fún rárá."

"Ẹ kà á o!" Òkété kì í dákẹ́ lórí rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á kí ẹ tó tẹ nǹkan kan!"

"A ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n Òkété," ni wọ́n máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ọrùn Òkété náà kò mọ́, n ò ní gbè é. Òun nìkan ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń gbé ètò wọlé. Ṣùgbọ́n sísáré wá nígbà gbogbo tí ẹnìkan bá fẹ́ ètò tuntun sú u. Ló bá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sára igi àràbà, ó padà sínú ihò, ó sùn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ pàtàkì kan wà lọ́wọ́ Ìgbín. Òun ló ń ṣírò ọjọ́ tí òjò gidi máa bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò ẹ̀tàn, èyí tó máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì dá fún oṣù kan. Gbogbo igbó ló ń retí ìdáhùn rẹ̀, torí pé irúgbìn tó kù nílé kálukú kò ju ohun tí wọ́n lè gbìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá fi gbìn lórí òjò ẹ̀tàn, ebi dé nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ètò òjò ti Ìgbín ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ Ìgbín, kì í kánjú. Ó wá ku ọjọ́ méjì péré kí ìdáhùn jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀gà fò dé. Wọ́n fẹ́ tún ìtẹ́ ńlá wọn ṣe, ó sì gbọ́ pé ètò tuntun kan wà tó ń ya àwòrán ìtẹ́. Ó wo ara igi, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó pe ètò náà.

Kọ̀ǹpútà dáhùn pé, "Ètò ìtẹ́ fẹ́ ìṣirò tuntun. Ìṣirò tuntun àti ìṣirò àtijọ́ ò lè jọ gbé. Màá gbé ìṣirò àtijọ́ jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbára lé e. Orúkọ wọn nìyí." Ló bá to orúkọ méjìlélógún.

Ẹ̀gà wo bí ó ṣe gùn tó. "Họ́wù! Ta ló fẹ́ ka gbogbo eléyìí?"

Ó tẹ B.

Kò pẹ́ tí Ìgbín wọ́ dé láti wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá ojú kọ̀ǹpútà lófìfo. Ó pe ètò òjò. Kọ̀ǹpútà ní, "Ètò òjò kò sí níbí mọ́."

"Kò sí níbí kẹ̀? Ta ló gbé e?"

"Èmi kọ́ o, Bàbá Ìgbín," ni Ẹ̀gà dáhùn látorí ẹ̀ka. "Ètò ìtẹ́ nìkan ni mo gbé wọlé. N ò fọwọ́ kan tiyín rárá."

Ohun tó sì rò lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, òpònú ẹyẹ!

Ìgbín pe ìṣirò àtijọ́ padà, ètò òjò sì bá a wọlé. Bí ti àtijọ́ ṣe wọlé ni ti tuntun jáde, ètò ìtẹ́ sì bá a lọ. "Bàbá, ẹ ti ba tèmi jẹ́ o!" Ẹ̀gà pe tuntun padà. Ètò òjò tún lọ. Ìgbín pe ti àtijọ́. Ẹ̀gà pe tuntun. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí oòrùn fi dé àárín orí, kò sì sí ẹni nínú wọn tó rò ó pé kí òun lọ jí Òkété. Nígbà tí inú bí Ẹ̀gà, ó fi tipátipá ti ìṣirò méjèèjì wọlé pọ̀.

Kọ̀ǹpútà ní, "Ìṣirò méjì ló ń pàṣẹ fún mi. N ò mọ èyí tí n óò gbọ́ tirẹ̀." Ó dákẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, àti ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Òkété jáde nínú ihò, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Kí lẹ fi ojú yín ṣe? Mo sọ ọ́ sọ ọ́, mo sọ ọ́ títí!" Ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó ń tú ètò kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀. Ó rọ̀ gan-an ni. Gbogbo ẹranko sáré lọ bá Ìgbín. "Ṣé òjò gidi nìyí?"

"N ò tíì mọ̀," Ìgbín wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀ sí i."

Ta ló máa dúró nígbà tí ilẹ̀ ti tutù? Ẹ̀gà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó ọkà bàbà wọn jáde. Wọ́n gbìn ín tán pátá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn.

Òkété tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ètò òjò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró, ó sì lo ọjọ́ méjì tó kù fún un. Ìdáhùn jáde: "Òjò ẹ̀tàn ni èyí tó rọ̀. Ẹ má gbin nǹkan kan títí di oṣù tó ń bọ̀." Lásìkò yẹn, oòrùn ti ń yan irúgbìn nínú oko.

Gbogbo igbó péjọ sábẹ́ àràbà. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sílẹ̀, Òkété sì ṣí àkọsílẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó pe Ẹ̀gà síwájú. "Ohun tí o kọ̀ láti kà nìyí. Kà á."

Ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"A ò gbọ́!" ni gbogbo wọn pariwo.

Ó gbé ohùn sókè. Ó ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì. Ó dé ìlà keje. "Ètò òjò. Ti Ìgbín."

Ìgbín kò pariwo. "Orúkọ mi wà níbẹ̀ gàdàgbà," ó wí. "Ó bi ọ́ bóyá kí òun lé mi jáde. O ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀gà sunkún títí ẹkún fi tán lójú rẹ̀. Òkété náà, ojú tì í. Ó ha ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò lára igi. Ó pín inú kọ̀ǹpútà sí yàrá kéékèèké, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ ìṣirò tuntun gbé e sí yàrá tirẹ̀, kí ti àtijọ́ sì wà ní yàrá Ìgbín. Ẹ̀gà wò ó, ó fò padà sílé, ó tú ìtẹ́ ńlá palẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò ti ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀rọ̀ aṣínà kò sì sí lára igi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan ti ń hun ìtẹ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí igi kan náà ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́: orúkọ ló ń kà, ó ń kà á sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́ tirẹ̀.

Ó yá, Bọ́sẹ̀dé. Ìbéèrè rẹ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Kà á sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ìlà kìíní, ẹ̀n-ẹ́n. Ìkejì. Ìkẹta ńkọ́? Ti ta nìyẹn? Ti Ìdòwú, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣèdánwò lọ́la. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀ yẹn. Wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o wá sọ fún mi: ṣé B ni, àbí R?