Ta Ló Ń Fa Iná Ilé Wa?

Ní Òkè-Ìrókò, ìlú kékeré kan ní apá Òkè-Ògùn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Adéróunmú ni ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni, abúlé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì jìnnà sílé. Ìbíyẹmí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Awakọ̀ ni, èrò ló máa ń gbé lọ sí Ṣakí. Ìyá wọn ń gbé yàrá iwájú, ojú rẹ̀ sì ti ṣú débi pé ohùn ló fi ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí iná ìjọba sì di àlejò, àwọn méjèèjì forí korí. Wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n ra sólà, wọ́n tò ó sórí òrùlé, wọ́n sì gbé bátìrì ńlá kan sínú yàrá tí bàbá wọn máa ń kó iṣu sí. Adéróunmú ra ọ̀kadà oníná. Ìbíyẹmí ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná tí ẹlòmíì ti lò díẹ̀. Oòrùn ń ràn sórí òrùlé, bátìrì ń gbà á pamọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kadà sì ń mu nínú rẹ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo kiri, àwọn yóò ti gbéra lọ láìpariwo. Ní gbogbo àsìkò òjò yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń kí ara wọn láràárọ̀.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì wọlé, nǹkan yí padà.

Gíláàsì kékeré kan wà lára bátìrì náà tó máa ń fi bí iná inú rẹ̀ ti tó hàn. Tẹ́lẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, á ti kún dẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, Adéróunmú ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọjú sí i, ó rí i pé kò tilẹ̀ dé ìdajì. Ní ọjọ́ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó jáde síta, ó sì wo ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká.

Ìbíyẹmí náà ti rí i. Òun náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹnìkan ń gbé lẹ́yìn ọgbà wọn tó ń jẹ́ Ògúnṣínà. Wẹ́dà ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn èèyàn máa ń kọ́lé, nítorí náà géètì àti fèrèsé kún ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ kò sì sinmi. Ìbíyẹmí a máa dúró lẹ́bàá ọgbà kí i, wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ló gún Adéróunmú lọ́kàn. Ó bi ara rẹ̀ pé, níbo ni wẹ́dà ti ń rí iná tó tó báyìí? Òótọ́ ni pé jẹnẹrétọ̀ Ògúnṣínà ń dún, ṣùgbọ́n Adéróunmú gbà pé ariwo lásán ni, pé ó kàn fi ń bojú ni. Ó dá a lójú pé àbúrò òun ti fa wáyà fún un níbì kan.

Èrò ti Ìbíyẹmí yàtọ̀. Olùkọ́ kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ní ọ̀kadà oníná, a sì máa wá kí i lọ́jọ́ Sátidé. Níbo ló tún máa ń gbé ọ̀kadà náà sí? Ẹ̀gbẹ́ yàrá bátìrì gan-an ni! Ìbíyẹmí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń fi iná wa ṣe ojú rere sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí bí òmùgọ̀."

Ni olúkúlùkù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ ẹnìkejì. Adéróunmú so òwú tín-ín-rín mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yàrá bátìrì. Nígbà tó dé, òwú ti já. Ó ní, "Mo mọ̀!" Kò mọ̀ pé ńṣe ni Ìbíyẹmí wọlé lọ wo gíláàsì. Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ bu elùbọ́, ó fọ́n ọn síwájú ilẹ̀kùn kan náà. Nígbà tó padà dé, ipa bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá níbẹ̀ kedere. Òun náà ní, "Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ wàyí." Bẹ́ẹ̀, gíláàsì kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n pín iná náà lọ́jọ́ọjọ́: òní fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀la fún àbúrò. Wọn kò jọ jẹun mọ́. Ìyá wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a pe orúkọ ọ̀kan, a pe ti èkejì, wọn a dáhùn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà náà ni àwọn dókítà ojú tó máa ń tọ̀nà jíjìn wá ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan dé sí Ṣakí, wọ́n sì fi orúkọ ìyá náà sára àwọn tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ojú fún. Ìbíyẹmí gbọ́ ìròyìn náà lórí fóònù, ó gbé ìgbéraga tì, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní iná tòní. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe ojú Màámi."

"Ọ̀la kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ilé ìwòsàn ló pè mí."

"Ìwọ nìkan ni wọ́n máa ń pè. Iná ọjọ́ tìrẹ dà, Ìbíyẹmí? Lọ bá Ògúnṣínà, kó dá a padà fún ọ."

Ìbíyẹmí ní, "Kí ló kan Ògúnṣínà níbí? Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tó ń wá fi ọ̀kadà rẹ̀ jẹun nílé wa." Ó yí padà, kò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba iná tó wà nínú rẹ̀. Ó ń rọra wà á, ó ń gbàdúrà. Wọ́n kọjá afárá odò, wọ́n bọ́ sí ibi tí kò sí ilé, tí kò sí igi tó ṣíji bo ọ̀nà. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín, ó sì dúró.

Ìyá gbé ojú sókè. "Ṣé a ti dé ni?"

"Rárá, Màámi. Iná ló tán."

Inú oòrùn ni wọ́n wà kí ọkọ̀ akóṣu kan tó gbé wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ti ń di ẹrù wọn. Obìnrin kan níbẹ̀ di ìyá náà lọ́wọ́ mú, ó ní kí wọ́n má bínú, ó di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ṣáájú wọn. Nígbà tí Adéróunmú rí ìyá rẹ̀ tó ń táràrà sọ̀kalẹ̀, ojú tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú náà di ìbínú lẹ́nu rẹ̀. Ó kígbe pé, "Òní ni mo máa tú wáyà tó wọ ọ̀dọ̀ Ògúnṣínà síta! Gbogbo ayé ni yóò rí i!"

Ògúnṣínà gbọ́ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé àkàsọ̀ irin kan léjìká, ó wọlé wá, ó sì fi ti ògiri.

"Ẹ gùn ún, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Bí ẹ bá rí wáyà kan tó wọ ọ̀dọ̀ mi, ẹ fọ́ ẹ̀rọ mi."

Adéróunmú gun òkè. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wọn wọ yàrá bátìrì, kò sí ọ̀kan tó yà síbòmíì. Bó ṣe fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó sáré fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí sólà kó má baà ṣubú.

Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ dúdú, ó ń dán. Odindi àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka márùn-ún ló yọ kedere láàárín ohun pupa rúsúrúsú kan. Wáyà nìkan ni Adéróunmú ti ń wò láti ìgbà tó ti gòkè. Ó fi ìka ha á, ó nípọn bí àkàrà. Eruku ọyẹ́ ni, ó ti bo gbogbo rẹ̀ pátá láti ìgbà tí òjò ti lọ.

"Ẹ ti rí i?" Ìbíyẹmí bi í láti ìsàlẹ̀.

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi nu ibi kan, ó jókòó ti í, ó ń wò ó. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé, "Àbúrò mi, gòkè lọ wò ó." Ìbíyẹmí gòkè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òun náà sọ̀kalẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ìyá wọn bèèrè.

Ògúnṣínà ló dáhùn. "Eruku ni, Màmá." Ó gbé àkàsọ̀ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n fi omi àti aṣọ fọ sólà náà. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn kò tíì rẹlẹ̀ tí bátìrì fi kún. Adéróunmú lọ dọ̀bálẹ̀ fún wẹ́dà tí ó jù lọ́jọ́ orí. Ògúnṣínà ní kó dìde, pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pẹ́ kó tó tún kí ẹnikẹ́ni láti orí ọgbà. Ní ti ìyá, inú òkùnkùn náà ló wà títí òjò fi fìdí múlẹ̀ tí àwọn dókítà sì padà wá.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ tó bu omi lọ́jọ́ náà, ó ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ojú nínú ilé yìí. Kí lẹ ń fi wò láti ọjọ́ yìí?"

Ìbíyẹmí dorí kodò. "Ọwọ́ ara wa ni, Màámi."

Nínú ìdáhùn yẹn ni àwọn ará Òkè-Ìrókò ti fa ọ̀rọ̀ yọ, tó fi jẹ́ pé bí àwọn tó jọ ń gbé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn, àgbà kan yóò wúkọ́, yóò sì wí pé: ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ará ilé, kì í rí eruku orí òrùlé.