Abẹ́rẹ́ Pàápàá, Kíkọ́ Là Ń Kọ́ Ọ

“Abẹ́rẹ́ pàápàá, kíkọ́ là ń kọ́ ọ.” Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pa òwe yìí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni, ẹ rọra o. Ilé ìkẹ́rùsí ni, ní Ṣàgámù.

Alájà Ṣìfáwù ló ni ilé ìkẹ́rùsí náà. Táìlì ló ń tà, ó sì ní fọ́kílíìfù kan, ọkọ̀ kúkúrú tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù. Ẹni tó ń wà á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tírélà ẹrù sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Alájà kò ní sùúrù. Ó pe Múfútáù, awakọ̀ rẹ̀.

“Múfú, gùn ún, kí o já ẹrù yìí fún mi.”

“Alájà, mi ò wa irú èyí rí o.”

“Ọdún kejìlá rèé tí o ti ń wakọ̀. Ó ní táyà, ó ní búréèkì. Kí ló tún kù?”

Ohun tó kù pọ̀. Táyà iwájú ló ń yà sọ́tùn-ún sósì lára ọkọ̀ tí Múfútáù mọ̀. Ti fọ́kílíìfù, tẹ̀yìn ni. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un. Ó gbé táìlì, ó yí ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ni ìdí ọkọ̀ bá fì sósì. Ó kọlu ògiri, ó sì rún bẹ́ǹṣì tí Bàbá Ráímì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, máa ń jókòó sí. Alájà figbe ta. Gbogbo wọn ń wá bàbá lábẹ́ pákó tó fọ́.

Àfi bí bàbá ṣe yọ láti ẹ̀yìnkùlé, tòun ti kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́, tó ń béèrè ẹni tó fọ́ bẹ́ǹṣì òun! Alájà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín eruku.

Bàbá ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kò sì pè é ní Alájà lọ́jọ́ yẹn.

“Ṣìfáwù, ọdún mélòó lo fi kọ́ṣẹ́?”

“Mẹ́rin, Bàbá.”

“Ìgbà wo ni ọ̀gá rẹ tó jẹ́ kí o gé aṣọ oníbàárà?”

“Ọdún kẹta ni, sà.”

“Abẹ́rẹ́ pàápàá, kíkọ́ lo kọ́ ọ. Èyí tó lè pààyàn wá ńkọ́?”

Alájà dìde nílẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà, ó sì bẹ Múfútáù pé kó má bínú. Èjìká ni wọ́n fi já ẹrù ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ru páálí méjì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rán Múfútáù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wà dáadáa, títí ó fi mọ̀ ọ́n délẹ̀. Kò tún sí ìjàǹbá níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fa iṣẹ́ eléwu lé ẹni tí kò kọ́ ọ lọ́wọ́, tó ń sọ pé yóò mọ̀ ọ́n bó bá yá. Wọn kì í pa á fún òṣìṣẹ́ o. Ọ̀gá ni wọ́n ń bá wí: abẹ́rẹ́ pàápàá, kíkọ́ là ń kọ́ ọ.