Ọpẹ́ Tí Oníyanrìn Kò Tíì Dá Tán

Nígbà láéláé, òkun kì í gun orí yanrìn. Omi rẹ̀ a dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo. Ìgbì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín agbami ni ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Òkun, níbi tí ojú ènìyàn kò tó.

Àdéhùn ni ó fa èyí. Òkun ti ṣèlérí fún Ilẹ̀ pé ọmọ òun kankan kò ní fi ẹsẹ̀ kan yanrìn rẹ̀. Ilẹ̀ náà ní òun kò ní na ọwọ́ sínú omi Òkun. Àwọn méjèèjì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, wọ́n sì ń gbé ní àlàáfíà.

Orí yanrìn yẹn ni ẹyẹ kékeré kan ń gbé. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ yanrìn, nítorí náà Oníyanrìn ni gbogbo ẹranko ń pè é. Kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Yóò fi àyà gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀, yóò sì yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Ẹyin náà jọ yanrìn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹyin ni.

Ó ti di ọdún kẹta tí Oníyanrìn ti ń wá ọmọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, awọ́nríwọ́n kó ẹyin rẹ̀ jẹ. Lọ́dún kejì, òjò wọ́ wọn lọ. Lọ́dún kẹta, ó yé méjì sórí gegele kan nítòsí omi, ó sàba lé wọn tọ̀sán-tòru. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n pa.

Ìlú ńlá kan wà lẹ́yìn igbó àgbọn tó wà níbẹ̀. Etí ọ̀sà ni àwọn ará ìlú náà ti máa ń gbafẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje, tí àwọn géńdé ti ń ja ìjàkadì, tí àwọn àgbà ti ń ta ayò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ojúoró bo ọ̀sà mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Òkúnlọlá, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn atukọ̀, wá sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé eré lọ sí etí òkun, nítorí kò dára kí ọdún kọjá láìsí ìgbafẹ́.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, èrò dé. Wọ́n gbé ọkọ̀ àti àjẹ̀ wá, wọ́n gbé ọpọ́n ayò wá. Àwọn kan ń yan ẹja, àwọn kan ń bẹ́ àgbọn mu. Àwọn ọmọdé fọ́n ká sórí yanrìn, wọ́n ń kọ́lé.

Oníyanrìn rí wọn láti orí gegele. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ apá kan bí ẹni pé ó ti kán, kí àwọn ọmọdé lè máa tẹ̀ lé e kúrò nídìí gegele. Wọ́n tẹ̀ lé e lóòótọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń fa àwọn yìí lọ ni àwọn mìíràn ń dé.

Ó sáré bá Akàn, aládùúgbò rẹ̀, lẹ́nu ihò. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fi èékánná rẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Akàn ń wo ìjàkadì lọ́wọ́. Ó ní kí ó ní sùúrù, òun fẹ́ mọ ẹni tí yóò dá ẹnìkejì.

Oníyanrìn kò fò ré kọjá etí ilẹ̀ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọjú sí agbami, ó ń fò títí apá fi ń dùn ún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Òkun, ó kí i, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òkun káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti ṣèlérí fún Ilẹ̀, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe yẹ̀ ẹ́.

Ìgbì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ. N kò ní jókòó síbẹ̀.”

Òkun wo ẹyẹ tó ti rẹ̀, ó wo ọmọ tirẹ̀.

Ó ní, “Lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan yanrìn, kí o yí padà. Bí mo bá pè ọ́, má ṣe jẹ́ kí n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Báyìí ni Ìgbì gbéra. Kò rin orí ilẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà á kí ó má lọ fọ́ ẹyin tí ó fẹ́ gbà là. Oníyanrìn ń fò níwájú, ó ń fọ̀nà hàn án.

Nígbà tí wọ́n dé, ọmọbìnrin kékeré kan ti na igbá sí gegele náà, ó fẹ́ bu yanrìn ibẹ̀ fi kọ́lé. Ìgbì dé wàá. Ó là sí méjì, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, kò kan ẹyin. Ọmọ náà ju igbá sílẹ̀, ó sá gòkè. Gbogbo èrò sá tẹ̀ lé e. Òkun pe ọmọ rẹ̀, Ìgbì sì yí padà.

Àwọn ènìyàn wo ẹsẹ̀ wọn tó tutù. Ẹnìkan kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rín in. Àwọn ọmọdé sá tọ Ìgbì lọ. Nígbà tí Ìgbì fẹ́ bá wọn ṣeré, tó tún dé, wọ́n sá padà, inú wọn ń dùn.

Òkúnlọlá nìkan ni kò bá wọn ṣeré. Ó ń wo gegele tó gbẹ láàárín yanrìn tútù. Ó súnmọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí ẹyin méjì.

Ó ní, “Ẹ dúró. Ẹnìkan ń gbé níbí.”

Ó ní kí wọ́n ri àjẹ̀ mẹ́rin yí ibẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Oníyanrìn bà lé ẹyin rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé e.

Ilẹ̀ bínú. Ó ní Òkun ti da òun. Òkúnlọlá bá wọn dá sí i, ó ní inú àwọn kò dùn tó báyìí rí, kí Ilẹ̀ jọ̀wọ́ gba Ìgbì láàyè láti máa wá ṣeré. Ilẹ̀ wo ọmọdé tó ń fò sókè nínú omi, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí Ìgbì máa wá, bí kò bá ti ní sùn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹyin pa. Oníyanrìn kó ọmọ méjì wá sétí omi láti dúpẹ́.

Ó ní, “Ìgbì, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun fún—”

Òkun pè, Ìgbì sì yí padà. Oníyanrìn sáré tẹ̀ lé e kí ó lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì bá a tí Ìgbì tún ń bọ̀ wàá, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà sì sá gòkè pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ibi tí Ìgbì ti kúrò, ó fi àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín sílẹ̀ fún wọn lórí yanrìn. Wọ́n ṣà wọ́n jẹ, wọ́n yó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ kékeré etí òkun ti ń sáré tẹ̀ lé ìgbì bó bá ń lọ, tó sì ń sá gòkè bó bá ń bọ̀. Ẹni tó bá lọ gbafẹ́ níbẹ̀ yóò rí i. Kò tíì dúpẹ́ oúnjẹ ti ẹ̀ẹ̀kan tán tí Ìgbì fi ń gbé òmíràn bọ̀.