Màmá Fadérera àti Àwọn Ayálégbé Rẹ̀
Ní erékùṣù òkèèrè tí Màmá Fadérera ń gbé, tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, ọ̀gá físà àwọn tó ti fẹ̀yìntì ní ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó ń wọlé fún màmá kò tó fún òun: kí àwọn ayálégbé màmá ní Ìsẹ́yìn fẹnu ara wọn jẹ́rìí pé àwọn ń sanwó ilé, màmá kò sì gbọdọ̀ bẹ̀ wọ́n láti jẹ́rìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò ní erékùṣù náà. Màmá yọ fóònù, ó pe gbogbo wọn pọ̀, ó fi èdè òyìnbó sọ ọ́ kí ọ̀gá lè gbọ́: "Kò sí ẹnì kankan nínú yín tó sanwó fún mi lọ́dún yìí. Ẹ kó jáde." Ọ̀rọ̀ di yánpọnyánrin. Súlè télọ̀ búra, ìyàwó tíṣà ń ka ọjọ́ tó san tiẹ̀, rìsíìtì ń rọ́ wọlé sórí fóònù. Màmá ní, "Ẹ má bínú, ọjọ́ ogbó ló dé." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà màmá. Ìyàwó tíṣà tún wá fi Yorùbá sọ nǹkan kan kó tó pa fóònù. Ọ̀gá bèèrè ohun tó wí. "Ó ní àgbálùmọ̀ tí èmi àti ọkọ mi gbìn sílé ní Ìsẹ́yìn ti ń so." "Ṣé owó tó ń wọlé nìyẹn náà?" Màmá ti páálí rẹ̀ bọ àpò. "Ìyẹn nìkan," ó ní, "ni wọn ò lè fi ránṣẹ́ sí mi."