Gunvor, Obìnrin Tó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà Tó Fọ́

Ewu ti dé bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Norrsele ní ìgbà òtútù kan tí àwọn àgbà ibẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ìlú kékeré ni Norrsele, ní àríwá Swídìn, níbi tí oòrùn ti máa ń wọ̀ kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán, tí odò sì máa ń dì débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ń gba orí rẹ̀ kọjá. Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ níbẹ̀, họ́kì orí yìnyín. Wọ́n á wọ bàtà tí irin tó mú bí ọ̀bẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí omi dídì, wọ́n á máa fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri, kí wọ́n lè gbá a wọ inú àwọ̀n ọ̀tá wọn. Àwọn ọkùnrin ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, àwọn ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí yẹ̀yẹ́ kò lé wọn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìnyín mọ́ wọn. Torsten, alága ìgbìmọ̀ eré ìlú náà, ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó ní, "Òfin ni pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba àlejò gbọ́dọ̀ ní yìnyín tí yóò fi gbà á. Ní ìparí oṣù yìí ni àwọn obìnrin Älvbro ń bọ̀ wá bá yín ṣeré. Bí ẹ kò bá ní yìnyín, tàbí tí eré náà kò bá parí, ẹgbẹ́ yín ti kú nìyẹn. Kí kálukú padà sídìí ìkòkò rẹ̀."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tí obìnrin yóò fi máa du omi tó dì mọ́ ọkùnrin lọ́wọ́? Èmi ta ẹja inú yìnyín títí ọkọ mi fi kú, mo sì ń tà á lọ lẹ́yìn tó kú. Lójú tèmi, yìnyín kì í ṣe ohun eré rárá. Bí ó bá yọ́, àdánù dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, tí mo ń da ìbéèrè bò wọ́n, tí Ṣijúadé ọmọ mi, tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, sì ń túmọ̀ fún mi títí ẹnu fi ń ro ó.

Gunvor ni orúkọ ẹni tó dìde. Gunvor abapá-bí-ìtì-igi, adúró-má-yẹsẹ̀, àpáta tí rọ́bà ń bà tí rọ́bà ń padà sẹ́yìn. Ilé ìlapákó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn rárá. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun náà sì ni aṣọ́lé wọn, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọ̀n, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní gọ́ọ̀lì. Ó kó àwọn obìnrin náà jọ sí àgbàlá ilé ìlapákó, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé Torsten ló ni òtútù? Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ojú ọ̀run kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Omi wà lódò. Òtútù wà níta. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí tẹ́jú. Ẹ lọ gbé garawa wá."

Barbro, ẹni tó ń sin màlúù, ní, "Gunvor, àwọn màlúù mi ń dúró dè mí kí n wá fún wàrà wọn."

Gunvor ní, "Lọ fún un, kí o sì mú garawa náà bọ̀."

Ìwàǹwára ló kọ́kọ́ bà wọ́n jẹ́. Wọ́n fa ọ̀pá omi ńlá jáde, wọ́n tú omi sílẹ̀ bí ẹni ń pa iná. Òkè rẹ̀ dì, abẹ́ rẹ̀ kò dì. Barbro gbẹ́sẹ̀ lé e, ó gbé e mì dé orúnkún. Àwọn ọkùnrin ń kọjá lọ, wọ́n ní, "Ẹ ò kúkú dọdẹ ẹja níbẹ̀?" Gunvor fọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, wọ́n ń fọ́n omi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ẹní lé ẹní. Èyí á dì tán kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á da tirẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ á da tirẹ̀. Yìnyín náà nípọn títí ó fi le bí òkúta, inú gbogbo wọn sì dùn.

Bí ọjọ́ eré ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ wá láti gúúsù. Yìnyín orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Torsten wá wo yìnyín náà, ó rí i pé ó ń làágùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Barbro jókòó lórí garawa rẹ̀, ó ń sunkún. Gunvor wo òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn ti tú jáde láti ọdún mọ́dún. Ó ní, "Báwo ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi yìnyín odò pamọ́ títí di ìgbà ooru? Ẹ gbé ṣọ́bìrì." Níbi tí wọ́n sọ ọ́ dé, mo pàtẹ́wọ́, nítorí ohun tí àwa náà fi ń bo yìnyín ní ìsọ̀ ẹja nìyẹn kí oòrùn má bàa jí i kó. Wọ́n bo àgbàlá náà láti ìkangun dé ìkangun. Àwọn ará ìlú ní àwọn obìnrin ti sin eré wọn tán, ó ku kí wọ́n ṣe ìsìnkú.

Ọjọ́ eré pé, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a. Yìnyín wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pọ́n bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n yìnyín ni. Torsten lọ bá Solveig, olórí àwọn Älvbro, ó ní, "Ṣé o lè pe èyí ní yìnyín? Bí o bá ti ní kì í ṣe yìnyín, ẹ ti borí láìjà."

Solveig yọ̀ yí àgbàlá náà ká, ó padà wá. Ó ní, "Láti àárọ̀ ni mo ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀bùn kọ́ ni mo wá gbà, eré ni mo wá ṣe."

Eré bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí yìnyín fi là níwájú àwọ̀n Gunvor, omi sì ru sókè títí dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Torsten gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Bí ìdá kan nínú mẹ́ta eré bá ti tán, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ẹnu ọ̀nà. A kò lè sọ pé kí àlejò wá dúró nínú omi. Eré ti dópin."

Gunvor ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Ó ní, "Torsten, o ní àlejò kò lè dúró níbi tó fọ́. Òótọ́ ni. Ṣé onílé náà kò lè dúró níbẹ̀? Kí àwọn Älvbro mú ẹnu ọ̀nà tó dára, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ títí eré yóò fi parí. Èmi ni mo da omi yìí. Èmi ni mo ni ibi tó fọ́."

Solveig ní, "A gbà. A ò ní pààrọ̀."

Gunvor bá dúró. Bí àwọn yòókù bá lọ yáná nígbà ìsinmi, kò bá wọn lọ, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá jáde, ẹsẹ̀ òun kò ní gbà kí òun padà. Rọ́bà ń bọ̀ láti ọ̀tún, ó fi àyà gbà á. Rọ́bà ń bọ̀ láti òsì, ó ṣubú lé e nínú omi, ó sì tún dìde. Mo bi wọ́n pé, ṣé wọ́n wá borí? Wọn ò borí o. Àwọn Älvbro gbá rọ́bà wọlé léraléra, wọ́n nà wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n eré náà parí, Solveig sì lọ dúró níwájú alága, ó ní, "Eré ti parí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Torsten kọ ọ́. Wọ́n ní láti fi ọ̀bẹ gé bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ Gunvor, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kò sì bá a padà dé láti ilé ìwòsàn. Torsten kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin náà bá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní ṣíṣí.

Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà ní Norrsele pé, nígbà eré àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú pákó ẹ̀kúnwọ́ kan síwájú àwọ̀n aṣọ́lé wọn, aṣọ́lé náà kò sì ní pààrọ̀ ẹnu ọ̀nà títí eré yóò fi parí. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wá ló mọ̀, wọ́n sì ń gbà bẹ́ẹ̀. Ṣijúadé mú mi lọ wò ó. Gunvor fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ti di arúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọdé ń pe àgbà lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn àlejò ń wọlé bó ṣe wù wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí Ṣijúadé túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Wọ́n wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bá onílé nílé."

Adarí eré fọn fèrè. Ìdá kìn-ín-ní ti tán. Gbogbo wọn ń lọ sinmi, ọmọbìnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà Norrsele kò kúrò. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ro lẹ́búlẹ́bú pákó náà díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró lé e lórí.